Rúùtù, Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Inú Rẹ Wò Kó Tó Di Ọjọ́ Ìgbéyàwó

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá rẹ,
Òmù-Àrán.

Rúùtù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn ọmọ iléèwé Ṣàrẹ́ tí wọ́n ń fi ariwo di ọ́ létí. A wà níbí. Ìyá rẹ wà, àwọn àbúrò rẹ méjèèjì wà, máṣíìnì ìránṣọ mi náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti orúnkún mi ti jọ ń dún báyìí. Bí o bá rí i pé lẹ́tà yìí nípọn, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sí ẹni tó kú. Èmi tí mo máa ń kọ ìlà mẹ́rin péré sí ọ ni mo jókòó ti tábìlì láti àárọ̀, tí mo ti ní kí àwọn oníbàárà padà wá lọ́la. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti pẹ́ nínú mi, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri.

Nígbà tí o wá sílé lọ́dún Àjíǹde, mo fi téèpù wọ̀n ọ́ fún aṣọ ìgbéyàwó rẹ. Ìyá rẹ dúró tì wá, àwọn ẹbí Sámúẹ́lì àfẹ́sọ́nà rẹ tó wá láti Èsìẹ́ sì wà ní pálọ̀, wọ́n ń jẹun. Apá rẹ ti rù, èjìká rẹ náà rù. Mo rò pé iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí téèpù ká ikùn rẹ, ó ju ti ọdún tó kọjá lọ dáadáa, bí ọwọ́ mi sì ti kan ẹ̀gbẹ́ rẹ òsì, o sún sẹ́yìn. Mo wo ojú rẹ, ìwọ náà wo tèmi. Ṣé o rántí ohun tí o sọ? O ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.” Èmi náà dákẹ́, nítorí àwọn àna wà nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìgbéyàwó yẹn kò jẹ́ kí oorun mi dùn láti ìgbà náà. Ó lè jẹ́ pé ìrẹsì àti ẹja odò ni wọ́n fi ń bọ́ ọ níbẹ̀ yẹn, kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ejò yìí ti bù wá jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ tó bù jẹ gan-an sì ni ó ń sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni a kò sì sọ lójú rẹ.

Ọdún tí a gba òmìnira ni a bí ọ. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, o ti ń gbé síléètì lọ sí iléèwé, èmi sì ni mo ń rán yunifọ́ọ̀mù iléèwé yín. O pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, yunifọ́ọ̀mù rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ ní ikùn. Mo tú ojú rírán rẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́, ó tún fún ọ, mo tún fẹ̀ ẹ́. Inú mi tilẹ̀ ń dùn ni. Mo ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé iṣu ọdún yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ sọ pé ikùn ọmọdé kì í le bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní aràn ni, a ra oògùn aràn. Ẹnìkan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a se àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, o mu ún, o ń yọ ètè sí mi. Àárín èyí ni ọjọ́ ń lọ. Nígbà tí a gbé ọ dé Ìlọrin níkẹyìn, dókítà kan, ará Índíà, tẹ ikùn rẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní kókó ti hù níbi tí ẹyin obìnrin ń gbé, lápá ọ̀tún, ó sì ti tó àgbọn kékeré. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ, wọ́n yọ kókó náà, wọ́n sì yọ ilé ẹyin tó wà lápá ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí kókó ti jẹ ẹ́ tán.

Ìwọ mọ èyí. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé, nígbà tí o ṣì ń sun oorun oògùn, dókítà pè mí wọ yàrá kan, ó ṣí abọ́ kan hàn mí. Irun wà nínú kókó náà, ọmọ mi. Irun dúdú tó gùn, ó pò mọ́ nǹkan kan tó dà bí òrí. Eyín kan náà wà níbẹ̀, ó funfun. Mo bi í bóyá ọmọ ni. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ níléèwé kò bá Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ mu, nọ́ọ̀sì kan ló ń bá wa túmọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, dókítà ní kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ọmọbìnrin yín kò mọ ọkùnrin rí. Wọ́n ní inú ẹyin obìnrin ni ohun tó lè di irun, tó lè di eyín, tó lè di awọ máa ń wà. Ẹyọ kan ló ṣìnà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an níṣẹ́. Kì í ṣe irú kókó tó ń ràn kiri ara tó ń pani.”

Mo ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Ó ní, “Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán, Bàbá. Wọ́n ní ó máa ń padà nígbà mìíràn, pàápàá lápá kejì, lára ọmọ kékeré bí èyí. Ẹ máa gbé e wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi dàgbà.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ irun àti eyín fún ọ lónìí ni pé dókítà tí yóò bá rí ọ lẹ́yìn èyí yóò bèèrè irú kókó tó jẹ́. Sọ fún un bí mo ti sọ ọ́ fún ọ yìí, kí ojú má tì ọ́. Èmi fi pa mọ́ nítorí mo mọ ilé wa. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n bá irun nínú ikùn ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn kan á ní o ti lóyún, àwọn kan á ní àjẹ́ ni ọ́, àwọn kan á ní ìbejì rẹ ni o jẹ nínú ìyá rẹ. Mo rò pé ààbò ni mo ń fi bò ọ́. Ìyá rẹ nìkan ni mo sọ fún, ó sì ní kí n má tún sọ ọ́ mọ́.

Ìdúpẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ìwọ náà á rántí rẹ̀, nítorí aṣọ funfun ni mo rán fún ọ. Gbogbo ìdílé wa jó dé iwájú pẹpẹ, mo mú iṣu, mo mú àgbò kan, mo sì dojú kọ ìjọ, mo ní Ọlọ́run ti fa àrùn náà tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, kò sì ní padà mọ́ láéláé. Gbogbo ìjọ ṣe “Àmín” tí páànù òrùlé mì. O mọ bí ìjọ wa ti rí. Nǹkan tí ènìyàn bá ti dúpẹ́ lé lórí ti parí nìyẹn. Bí ó bá tún lọ wá oògùn rẹ̀, wọ́n á ní òun fúnra rẹ̀ kò gba ẹ̀rí tó jẹ́ gbọ́.

Oṣù mẹ́fà pé. Mo sọ fún ọ ní àṣálẹ́ pé a ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la. O wọ gáàùn aláwọ̀ ewé tí mo rán fún ọ, a dé gáréèjì. Ta ni a bá lórí ìjókòó nínú ọkọ̀? Ìyá Ìjọ ni, obìnrin tó jó ṣáájú wa lọ́jọ́ ìdúpẹ́, tó ń lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin.

Ó ní, “Bàbá Rúùtù, ẹ kú ojúmọ́. Ibo lẹ̀ ń lọ ní kùtùkùtù báyìí? Ṣé ara ọmọ dá?”

Mo ní, “Ó dá, Màmá, a dúpẹ́. Òwú ni a fẹ́ lọ rà.”

“Òwú? Ẹ̀yin àti ọmọ?”

“Ó ní òun fẹ́ mọ Ìlọrin ni.”

Ọkọ̀ gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run. Ó ń sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ọ fún gbogbo èrò ọkọ̀. A dé Àjàṣẹ́, ó ní kí o nàró kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rí ọ, o nàró, o di ìjókòó iwájú mú. A dé Ìlọrin, ó ní òun mọ ẹni tó ń ta òwú tí kì í já, ó mú wa dé ṣọ́ọ̀bù ẹni náà. Mo ra òwú. Mo ra búrẹ́dì àti sàdíìnì fún ọ. Ìgbà tó lọ tán, o bi mí, o ní, “Bàbá, ṣé a ò lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́ ni?” Mo ní dókítà rìnrìn àjò. Ilé ìwòsàn kò jìnnà síbi tí a dúró sí. Mo lè fi ẹsẹ̀ mú ọ débẹ̀ kí búrẹ́dì náà tó tán lẹ́nu rẹ. Mo ń wò ó pé bí Ìyá Ìjọ bá tún yọ sí wa lọ́nà ńkọ́? Àgbàlagbà ọkùnrin ni mí o, Rúùtù. A wọ ọkọ̀ padà sílé, n kò sì gbé ọ lọ mọ́.

Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́bi. Ara rẹ dá, o ń sanra, o ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, màá sì sọ fún ara mi pé àìnígbàgbọ́ ni ó ń dà mí láàmú. Mo ṣì gba Ọlọ́run gbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dúró níwájú ìjọ tí mo ní kò ní padà. Ọlọ́run kò bá mi sọ ọ́.

Ọdún mẹ́ta kọjá. O lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ ní Òkè-Ọdẹ, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo wá mú ọ padà sílé, mo bá ọ lórí ẹní, o ká jọ, o ń bì, o ò lè na ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ ló gbé wa lọ sí Ìlọrin. Ó rì sínú ẹrẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti oko bọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n tì í jáde, ó tún rì níwájú. O fi orí lé itan mi lórí àpò èlùbọ́. O kò sunkún. O kàn ń bi mí pé, “Bàbá, ṣé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé?” Mo fẹ́ gbàdúrà, ẹnu mi kọ̀. Òwú tí mo rà ní Ìlọrin ni mo ń rí lójú mi.

Dókítà àkọ́kọ́ náà ni a bá. Ó mọ̀ mí. Kò bú mi, ó sì wù mí kó bú mi. Ó ní òmíràn ti hù lápá òsì, ó ti wúwo, ó sì ti lọ́ mọ́ra bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Nígbà tó jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní òun tú u, òun yọ kókó kúrò, òun sì rí ibi díẹ̀ tó ṣì wà láàyè, òun fi í sílẹ̀ fún ọ. Ó ní bí a bá ti ń wá bí òun ti wí ni, òun ì bá rí i nígbà tó ṣì dà bí ẹyọ ẹ̀pà. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwa mọ òwe yìí kí dókítà tó dé láti Índíà.

Nítorí náà, ohun tí o ní nìyí, kí a jọ mọ̀ ọ́n kedere. Apá ọ̀tún ti lọ. Apá òsì ku díẹ̀. Dókítà ní díẹ̀ náà tó, pé bí nǹkan oṣù rẹ bá ń wá déédéé, ọmọ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kókó bá tún hù lára díẹ̀ yìí, tí a kò tètè mọ̀, òun kò mọ ohun tí yóò kù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọ lọ lọ́dọọdún, Ìyá Ìjọ ì báà wà nínú ọkọ̀, kó má wà níbẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí o ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n gbé ọ lọ sí Ṣàrẹ́, o kò lọ mọ́. Ọdún méjì rèé. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ní iṣẹ́ pọ̀, n kò tún bi ọ́ mọ́ torí o ti di ẹni tó ń gba owó oṣù.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀, kò sì jinlẹ̀. Ohun tí mo ti fi ara kan ni.

Èkíní ni pé kí o lọ kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó. Má sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìgbéyàwó fún mi mọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bó bá gba pé kí a sún ọjọ́ síwájú, ọjọ́ Sátidé kò tán nínú ọdún. Aṣọ rẹ ṣì wà bí mo ti rà á, n kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án, n kò sì ní fi kàn án títí o ó fi lọ. Kì í ṣe ìyà ni mo fi ń jẹ ọ́. Mo ti gbé e sórí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ká a padà. Mo ti fẹ aṣọ fún ikùn yẹn rí láìbéèrè ohun tó wà níbẹ̀, n kò lè ṣe é mọ́.

Èkejì, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún Sámúẹ́lì. Èyí ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí o má bàa gbọ́ ọ lápá kan, bí ó ti lọ nìyí.

Ìyá rẹ ní, “Bàbá Rúùtù, ta ló ń tú ikùn ọmọ ẹ̀ síta fún àna? Ẹ jẹ́ kó wọlé ọkọ ná. Bó bá wọlé tán, tó bí ọ̀kan, ẹnu á pa mọ́.”

Mo ní, “Bí kò bá bí ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ má fi ẹnu yín pè é!”

Mo ní, “Èmi kọ́ ni mò ń pè é. N kò pè é nígbà yẹn náà, ó sì wá.”

Ó sunkún, mo sì bẹ̀ ẹ́. Má bá a bínú. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ikùn rẹ kì í ṣe ti iṣu, òun ló sì jókòó tì ọ́ nígbà méjèèjì títí ọgbẹ́ fi jinná. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìyá Sámúẹ́lì, tó ti ń sọ nípa ọmọ-ọmọ kí wọ́n tó jẹ iyán Àjíǹde tán. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Èsìẹ́ kò jìnnà, ọ̀rọ̀ á dé Òmù-Àrán kí àwọn fúnra wọn tó dé. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Ẹni tí ẹ ó jọ máa gbé ni. Bí inú yẹn bá tún lọ́ mọ́ra ní ọjọ́ kan, òun ni yóò gbé ọ wọ ọkọ̀. Ṣé ó máa jókòó sórí àpò èlùbọ́ bíi tèmi, láìmọ ohun tó ń ṣe ọ́? Àbí ó máa lọ ra oògùn aràn?

Má sọ ọ́ fún un lójú ìyá rẹ̀. Má sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ̀bi, nítorí o kò ṣe nǹkan kan. Sọ pé wọ́n ti yọ kókó lára rẹ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ranni, kì í ṣe irú èyí tó ń pani, ó lè padà, ó sì lè má padà. Sọ pé o ní ibi díẹ̀ tó kù, dókítà sì ní ọmọ lè wà. Ọ̀rọ̀ irun, sọ ọ́ fún un bó bá jẹ́ ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kí o wo ojú rẹ̀. Bó bá máa sá, kó tètè sá nígbà tí o ṣì wà nílé bàbá rẹ. Èmi kò rò pé yóò sá. Mo rí i bó ṣe gba garawa lọ́wọ́ rẹ lójú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àmọ́ mo ti ṣi ènìyàn rò rí.

N kò ní kí o lọ sọ ọ́ nínú ìjọ o. Wọn kò bá wa sùn, wọn kò bá wa jí.

Ẹ̀kẹta, nígbà àkọ́kọ́ mo fi ọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ fún wọn láìbéèrè ohunkóhun, nítorí ojú ń tì mí níwájú àwọn dókítà aláṣọ funfun. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni ọ́. Bí wọ́n bá rí nǹkan, bèèrè pé, “Ṣé ẹ lè yọ kókó náà kí ẹ fi ibi tó dára sílẹ̀?” Bí wọ́n bá ní ó ṣeé ṣe, dúpẹ́. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, bèèrè ìdí rẹ̀, kí o sì ní kí wọ́n jẹ́ kí dókítà mìíràn tún wò ó bí àyè bá wà. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé ó ti lọ́, má dúró ṣe àròyé. Ẹ̀mí ló ṣáájú.

Àwọn tó kù, n kò mọ iye tí mo ti kà. Má fi ọ̀já di ikùn rẹ kí aṣọ lè bá ọ mu. Má mu àgbo ẹnikẹ́ni tó ní òun ó fi fọ inú rẹ kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́. Máa jẹun. Bí ọ̀gá iléèwé rẹ bá ní kò sí àyè, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ránṣẹ́ pè ọ́, irọ́ kọ́. Àwọn ọmọ yẹn kò ní gbàgbé ìsirò kí o tó dé. Bí wọ́n bá sì yẹ̀ ọ́ wò tí wọn kò rí nǹkan kan, kí o fi bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí yóò fi tẹ́ ọ lọ́rùn, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n o máa lọ ní ọdún tó ń bọ̀ náà, o sì máa lọ nílé ọkọ. Bó o bá dúpẹ́, tún lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, n ó wà ní gáréèjì Ìlọrin láti àárọ̀. N kò ní lọ sí ibòmíràn. Bí ọkọ̀ Ṣàrẹ́ bá pẹ́, n ó dúró. Ìyá rẹ ní òun kò bá mi lọ sí ibi kankan, àmọ́ mo rí i lánàá tó ń fọ aṣọ ìròde rẹ̀, n kò sì bi í léèrè.

Ó ti rẹ̀ mí, Rúùtù, n kò purọ́ fún ọ. Ó rẹ̀ mí láti máa wo ikùn ọmọ mi pẹ̀lú ẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ ìwọ náà, pé o fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ kí o ṣe ìyàwó bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Mo sì mọ ohun tí o kò sọ jáde ní ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́. O ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá wò ó, wọ́n lè sọ pé díẹ̀ tó kù náà ti lọ, kí o wá di ẹni tí yóò padà wá wo ojú èmi àti ìyá rẹ.

Gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọ wọlé lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, àdúrà padà sí mi lẹ́nu. N kò bèèrè ọmọ-ọmọ nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ nìkan ni mo ń pè, títí dókítà fi jáde. Bí o bá bímọ fún Sámúẹ́lì, ayọ̀ wa á pọ̀. Bí kò bá sí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ohun kan kù tí mò ń retí láti ara rẹ. Ọmọ tí mo bẹ Ọlọ́run fún ní ọjọ́ náà, ó fi í fún mi. Bá mi gbé e wá sí Ìlọrin ní Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ,
Jákọ́bù.